Diane Abbott: ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń dìbò kí á tó dá a lẹ́jọ́

Ará Dalston

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa nílé lóko. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti July 2025 tí ẹgbẹ́ Labour tún ti já ìwé gbélé-ẹ fún Diane Abbott, aṣòfin tó ń ṣojú Hackney North àti Stoke Newington ní London nílé aṣòfin Britain, ní Westminster. Ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ti àkọ́kọ́, ní April 2023, lẹ́tà ló kọ sí ìwé ìròyìn Observer. Ó ní ẹ̀tanú tí àwọn Júù, àwọn ará Ireland àti àwọn Traveller, ìran alárìnkiri, ń rí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ènìyàn nítorí àwọ̀ dúdú. Ọjọ́ náà gan-an ló tọrọ àforíjì, síbẹ̀ ó lé ní ọdún kan kí wọ́n tó gbà á padà. Nígbà tó wá di 2025, wọ́n bi í lórí rédíò BBC bóyá ó kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ ọjọ́sí, ó ní òun ò kábàámọ̀. Ni wọ́n bá tún tì í síta.

Mo ti wà ládùúgbò yìí láti 1994. Bọ́ọ̀sì 149 ni mò ń wà, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í gbọ́ orúkọ obìnrin yìí lẹ́nu èrò. Àwọn kan á ní akọni ni, àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó ń sọ bó ṣe dìbò. Bẹ́ẹ̀, aṣòfin ni, ìbò gan-an sì niṣẹ́ tí a rán an. Láti 1987 ló ti ń jẹ́ iṣẹ́ náà, a wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé lẹ́tà kan ló fi gbogbo rẹ̀ kọ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìbò nílé aṣòfin ní London, agogo á máa dún káàkiri ọgbà. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n ní. Ẹni tó bá fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún Abẹnugan kọjá, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn á gba ti òsì. Bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ bá ti pé, wọ́n á tilẹ̀kùn, ẹni tó bá pẹ́ ti pàdánù tiẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á ka orí, wọ́n á kọ orúkọ, wọ́n á sì tẹ orúkọ náà jáde nínú Hansard, ìwé àkọsílẹ̀ ilé náà. Kò sí bí aṣòfin ṣe lè gba ọ̀tún kó wá sọ fún ará àdúgbò pé òsì lòun gbà.

Ìbò tí èmi fi ń wọ̀n ọ́n nìwọ̀nyí. December 1997, Labour ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àga, inú gbogbo ayé ń dùn sí Tony Blair. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gé owó ìrànwọ́ àwọn òbí tó ń dá tọ́mọ. Aṣòfin Labour 47 ló ta kò ó, ó wà níbẹ̀. 18 March 2003, ogun Iraq: 412 ní kí wọ́n lọ, 149 ní kí wọ́n má lọ, ó wà lára àwọn 149. July 2015, àbádòfin tó gé owó ìrànwọ́ aláìní, àwọn olórí Labour ní kí ọmọ ẹgbẹ́ má dìbò rárá. 48 ò gbà, ó wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ ju bọ́ǹbù sí Syria ní December ọdún náà, ó ní rárá.

Èrò yín ńkọ́? Mo fẹ́ gbọ́ ti ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ náà.

Alàgbà Tottenham

Ọmọ mi, o ṣeun. O rán mi létí nǹkan. Ìbò 11 June 1987 ṣojú mi, mò ń fọ ọ́fíìsì lálẹ́ nígbà náà, mò ń lọ síléèwé lọ́sàn-án. Ní ìbò yẹn, àwọn mẹ́rin wọlé lẹ́ẹ̀kan náà: Bernie Grant tiwa ní Tottenham, Paul Boateng ní Brent South, Keith Vaz tí ìran rẹ̀ ti India wá ní Leicester, àti Diane Abbott. Ọmọ Jàmáíkà ni bàbá rẹ̀, ó ń jó irin mọ́ irin, nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀. Ó lọ sí Cambridge, ó ka ìtàn níbẹ̀. Ilé náà ò tíì rí obìnrin adúláwọ̀ kan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Gbogbo wa la jókòó ti tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá ẹnìkan, a pọ̀ débi pé orí ibùsùn làwọn kan wà. Nígbà tí Bernie Grant wọ aṣọ ìlẹ̀ Áfíríkà wọ ilé aṣòfin, ọ̀rẹ́ mi kan bú sẹ́kún. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń rí Kemi Badenoch tó jẹ́ ọmọ Yorùbá tó ń ṣolórí ẹgbẹ́ Conservative, ẹ ò lè mọ bí ojú wa ṣe rí lóru ọjọ́ yẹn.

Ọdún mẹ́wàá ni Abbott fi jẹ́ obìnrin adúláwọ̀ kan ṣoṣo nínú ilé yẹn, kí Oona King tó bá a níbẹ̀ ní 1997. Mo kan fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Bí ẹ bá fẹ́ bú u, ẹ bú u tán, kí ẹ rántí ọdún mẹ́wàá yẹn.

Akọ̀wé Manchester

Bàbá, ẹ kú ìrántí o. Ará Dalston, mo kí ọ. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ibi tó dára lo mú hàn wá. Jẹ́ kí n mú ibi tó kù jáde.

Ẹ wo February 2017. Àbádòfin tí ìjọba fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìkúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dé iwájú ilé. Ní Hackney, ó lé ní 78 nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò tó ní kí Britain má kúrò. Lọ́jọ́ 1 February tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò, 498 sí 114, Abbott kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní túúlu ló mú un. Nígbà tó di 8 February tí wọ́n dìbò ìkẹyìn nílé náà, ó wá, ó sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀tún pẹ̀lú ìjọba. Aṣòfin Labour tó dín díẹ̀ ní àádọ́ta ló kọ̀ jálẹ̀ ní ìbò kìn-ín-ní yẹn. Ẹni tó ta ko Blair lórí Iraq, kí ló dé tí kò lè ta ko Jeremy Corbyn tó ń ṣolórí ẹgbẹ́ ní 2017?

Ẹlẹ́ẹ̀kejì: ní 2003, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ síléèwé olówó gọbọi lẹ́yìn tó ti bú àwọn aṣáájú Labour mìíràn pé wọ́n ń ṣe irú ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé kò sí àwíjàre fún un.

Ní ti lẹ́tà Observer, ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Stamford Hill wà ní ẹkùn ìdìbò rẹ̀. Àwọn Júù onífìlà dúdú tí ẹ ń rí níbẹ̀, àwọn náà ló ń ṣojú fún. Ìyá àgbà ẹlòmíràn nínú wọn, ọwọ́ Jámánì ló bọ́ lọ́wọ́ ikú. Kí aṣòfin wọn wá máa sọ fún wọn pé ti yín ò tó tèmi? Kò dára.

Ará Dalston

Akọ̀wé, mo gbà ọ́ lórí Stamford Hill. Ojú ọ̀nà 149 ni. Ọkùnrin Júù kan wà tó ń wọ ọkọ̀ mi láàárọ̀, a máa ń kíra. Ọ̀sẹ̀ tí lẹ́tà náà jáde, ó wọlé, ó kí mi, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí iná pupa fi yọ. Ó ní, "Ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀?" Mo ní rárá. Ó mi orí, ó lọ jókòó. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lára mi. Èmi ò wá síbí láti sọ pé obìnrin náà kì í ṣàṣìṣe.

Ti February 2017 náà, mo gbà pé àbùkù ni. Ìbéèrè rẹ, bó ṣe ta ko Blair tí kò ta ko Corbyn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo mọ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọn wíìpù, àwọn tó ń da aṣòfin síbi ìbò. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fi ìwé ránṣẹ́. Bí wọ́n bá fa ìlà mẹ́ta sábẹ́ ìbò kan, ìyẹn ni pé o gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, o sì gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí ẹgbẹ́ wí. Nígbà ogun Iraq, ìjókòó ẹ̀yìn ni Abbott wà, kò ní oyè tí wọ́n lè gbà. Ní 2017, òun ni agbẹnusọ Labour lórí ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Bí ó bá ṣe bíi ti àtẹ̀yìnwá, ọjọ́ náà ló máa kúrò lórí oyè. Ó yan oyè. Mo rò pé torí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì tó fẹ́ máa bá ìjọba fà ló ṣe yàn án. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ Windrush bẹ́, ti àwọn ará Caribbean tó ti ń gbé níbí tipẹ́ tí ìjọba wá ń ṣe bí ẹni tí kò ní pépà, tí Amber Rudd tó jẹ́ mínísítà fi kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní April 2018, Abbott ló sì dúró níwájú tó ń bi wọ́n léèrè. Ṣùgbọ́n ó yan oyè, orúkọ rẹ̀ wà nínú Hansard, kò sí bí a ṣe lè pa á rẹ́.

Ọ̀rọ̀ iléèwé ńkọ́? Ó dun èmi náà nígbà yẹn, torí iléèwé tí kò dáa ládùúgbò yìí lọmọ tèmi lọ. Ṣùgbọ́n òun náà ló ń pe ìpàdé ọdọọdún lórí bí ọmọ adúláwọ̀ ṣe ń ṣe sí ní àwọn iléèwé London. Mo lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá wa ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú gèlè àti àpò oúnjẹ.

Ìyá Ìbejì Ridley Road

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kú iṣẹ́. Gbogbo yín lẹ sọ̀rọ̀, ẹ fo ìbò tó kan èmi gan-an. Ìbò òfin àjèjì ti 2014 ńkọ́?

Òfin yẹn ló sọ lánlọ́ọ̀dù di ọlọ́pàá. Òun ló ní kí báńkì máa wo pépà kí ó tó ṣí àkáǹtì. Òun ló gé ọ̀nà tí èèyàn lè gbà pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kù láti mẹ́tàdínlógún sí mẹ́rin. Theresa May tó jẹ́ mínísítà abẹ́lé nígbà náà ló gbé e wá, ó ní òun fẹ́ kí ilẹ̀ yìí le koko fún ẹni tí kò ní pépà. Nígbà tí wọ́n dìbò ìkẹyìn lé e nílé aṣòfin ní January 2014, Labour ní kí ọmọ ẹgbẹ́ máa wòran. Gbogbo aṣòfin tó dìbò tako ó, mẹ́rìndínlógún péré. Labour mẹ́fà ló wà níbẹ̀, Abbott wà nínú mẹ́fà náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. Láti February 2016 ni àyẹ̀wò pépà ti di dandan fún gbogbo onílé ní England. Ọdún yẹn, mo ń wá yàrá méjì. Ìwé ìrìnnà mi wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan, mò ń retí pé kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Wọ́n fún mi ní lẹ́tà pé ẹ̀tọ́ mi ò tíì yẹ̀. Mo rí yàrá, mo ti rí ibi tí màá gbé ibùsùn àwọn ọmọ sí. Onílé gba lẹ́tà yẹn lọ́wọ́ mi, ó kà á. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó jẹ́ funfun báláú. Ó fi ìka méjì na an padà sí mi bí ẹni tí ohun náà ń ta. Ó ní òun mọ̀ pé mi ò purọ́, ṣùgbọ́n bí òun bá ṣàṣìṣe, wọ́n lè gba £3,000 lọ́wọ́ òun lórí mi. Ó bẹ̀ mí. Ó ń bẹ̀ mí, mo sì ń jáde. Oṣù mẹ́rin ni èmi àti àwọn ìbejì fi sùn ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Edmonton.

Ohun tí onílé yẹn ṣe sí mi, mẹ́rìndínlógún èèyàn ló ti sọ ṣáájú pé ó máa ṣẹlẹ̀. Ìyókù wà níbẹ̀, wọ́n ń wòran. Ẹ fi lẹ́tà Observer sí ibì kan ná, kí ẹ fi ti èmi náà sórí òṣùwọ̀n.

Nọ́ọ̀sì Luton

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Omi bọ́ lójú mi. Òfin kan náà yẹn ló bí owó ìlera tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa. £200 ló jẹ́ fún ọdún kan nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní April 2015. Ní January 2019, wọ́n sọ ọ́ di £400. Àárín ọdún yẹn ni mo dé pẹ̀lú ọkọ mi àti ọmọ méjì, físà ọdún mẹ́ta: £4,800, a san án lẹ́ẹ̀kan kí ẹsẹ̀ wa tó tẹ ilẹ̀ yìí. Èmi tí mò ń bọ̀ wá tọ́jú aláìsàn wọn! Ọdún 2020 ni wọ́n tó yọ àwa òṣìṣẹ́ ìlera kúrò. Àwọn ìyókù ṣì ń san, ó ti di £1,035 báyìí. Mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni dìbò tako ó rí. Mo rò pé gbogbo wọn ló panu pọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà. Àwọn èèyàn ṣì máa ń fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rédíò May 2017 fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ọjọ́ tí iye owó ọlọ́pàá 10,000 dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wá sọ lẹ́yìn náà pé ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe òun, pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mẹ́fà tàbí méje lòun ṣe léraléra láìjẹun tó. Mo ń tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ṣúgà bá wálẹ̀ lára wọn, ẹni tó mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á máa wá èyí àbíkẹ́yìn. Àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ Amnesty ka èébú tí wọ́n bú àwọn aṣòfin obìnrin lórí Twitter ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ìbò ọdún náà tó wáyé: 45 nínú ọgọ́rùn-ún, òun nìkan ni wọ́n bú. Bẹ́ẹ̀, ìbò 35,139 ló fi la ẹni tó tẹ̀ lé e mọ́lẹ̀ ní Hackney.

Akọ̀wé Manchester

Ìyá Ìbejì, ẹ forí jì mí. N kò mọ̀ nípa ìbò 2014 yẹn. Ìwé ìròyìn tí mo ń kà ò kọ ọ́, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ tí n kò kà á.

Ohun tí mo tún fẹ́ bi Ará Dalston: July 2024, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á padà, àwọn aṣòfin Labour méje dìbò pé kí ìjọba fagi lé òfin tí kì í jẹ́ kí owó ìrànwọ́ kọjá ọmọ méjì nígbà náà. Wọ́n lé gbogbo wọn síta fún oṣù mẹ́fà. Abbott kò sí lára wọn.

Ará Dalston

Bẹ́ẹ̀ ni, kò dìbò lọ́jọ́ náà. Ó ní ọ̀rọ̀ ara ẹni ló dá òun dúró, ó sì bá àwọn méje náà kẹ́dùn. Mo fẹ́ kó wà níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ ti ń béèrè, ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti 2008, èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ìjọba Gordon Brown fẹ́ kí ọlọ́pàá lè ti ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó jẹ́ apániláyà mọ́lé fún ọjọ́ 42 láìfẹ̀sùn kàn án. Ọjọ́ 28 ló wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn bọ́ǹbù 2005 ní London, ẹ̀rù ń ba gbogbo wa, èmi tí mò ń wa bọ́ọ̀sì pàápàá. Bí wọ́n bá bi mí lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá ní kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé.

11 June 2008 ni, ọdún mọ́kànlélógún gééré sí ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé. Abbott dìde. Ohun tó sọ ni pé ó rọrùn láti gbèjà ẹ̀tọ́ ọ̀rẹ́ wa àti ẹni tó jọ wá. Ẹni tí a ò fẹ́ràn, tí ará ìlú ń fura sí, òun ni ilé aṣòfin wà fún láti dáàbò bò. Ó ní torí bí ìjọba ṣe ń ṣe sí àwọn tí wọ́n pa tì, tí wọ́n sì ń fura sí, lòun ṣe wọ òṣèlú. Ìwé ìròyìn Spectator, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ Labour rárá, fún un ní ẹ̀bùn ọ̀rọ̀ tó dára jù lọ́dún náà.

Ìjọba ṣì borí lọ́jọ́ yẹn, 315 sí 306. Àwọn mẹ́sàn-án láti Northern Ireland ló gba ìjọba sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ilé àwọn Lọ́ọ̀dù ní October, 309 ló kọ̀ ọ́, 118 péré ló gbà á, ìjọba sì jáwọ́. Òfin yẹn kú. Èmi tí mo lè ní kí wọ́n ṣe é, ọmọ mi ọkùnrin pé ogún ọdún lẹ́yìn náà, ó dá irùngbọ̀n sí. Mo máa ń wò ó tó bá ń jáde lálẹ́.

Bódìjà Ìbàdàn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ń ka gbogbo èyí, ọkàn mi sì ń gbọgbẹ́. Ọmọ ọdún 26 ni mí. Mi ò lè sọ fún yín bí aṣòfin tó ń ṣojú wa l'Ábújá ṣe dìbò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ẹni tó bá gbà kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí kò bá gbà kó sọ pé rárá," olórí ilé á fi òòlù lu tábìlì, ó parí. Ohùn ni. Ta ló ní ohùn?

Mo rántí ẹ̀ẹ̀kan tó yàtọ̀. 15 July 2021, ọ̀rọ̀ fífi èsì ìbò ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ. Sẹ́nétọ̀ Abaribe ní kí wọ́n pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. 52 fara mọ́ ọn pé INEC ò gbọ́dọ̀ lò ó láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ gbàṣẹ, 28 ní kí wọ́n fi INEC sílẹ̀, 28 ò sí níjòókòó. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí orúkọ wọn fi kún WhatsApp. Gbogbo èèyàn ń wá ti tiwọn. Ní October, oṣù mẹ́ta péré sígbà yẹn, àwọn sẹ́nétọ̀ kan náà padà lọ yí ọwọ́ padà. Orúkọ tó jáde yẹn ló ṣe é, n kò ro nǹkan mìíràn.

Ahmad Lawan wà l'Ábújá láti 1999. David Mark lo ogún ọdún ní sẹ́nétì. Ta ló lè jókòó bí ẹ ṣe jókòó yìí, kó mú ìbò wọn ní oríṣìíríṣìí ọdún, kó bá wọn fà á?

Alàgbà Tottenham

Ọmọ Ìbàdàn, ìbéèrè rẹ wọ̀ mí lára. Àwa tí a wà níbí, a rí ìwé náà, a kì í kà á. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ò ṣí Hansard rí. Ọmọ mi obìnrin ló bá mi ṣí i lánàá nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ dá sílẹ̀ yìí.

Mi ò ní tàn yín, ìbò kan tí Abbott dì ní 2013 kò bá ìgbàgbọ́ mi mu, èyí tó fàyè gba ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin. Mo bínú sí i nígbà yẹn, mi ò sì tíì yí èrò padà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti ọ̀rọ̀ ríran aláìsàn lọ́wọ́ láti kú. Wíìpù ò sí nínú ìyẹn, oníkálukú ló ń tẹ̀ lé ọkàn rẹ̀. Abbott ló ti pẹ́ níbẹ̀ jù nínú àwọn obìnrin ilé náà báyìí, láti ìbò 2024 ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Ilé. Edward Leigh ti Conservative ni Bàbá Ilé. Nǹkan tó pa àwọn méjèèjì pọ̀ ò pọ̀ o! Síbẹ̀ wọ́n jọ kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn ní November 2024, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé má gbà á. Ó wọlé, 330 sí 275. Nígbà tó padà dé iwájú wọn ní June 2025, ó dìde ó tún sọ̀rọ̀ nítorí àwọn arúgbó àti aláìlágbára, ẹni tí wọ́n á máa fọgbọ́n sọ fún pé ó ti di ẹrù sọ́rùn ọmọ. 314 sí 291. Àlàfo náà ti dín kù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, iyàwó mi ò lè dá dìde mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti ìwé ìròyìn fún mi.

Nọ́ọ̀sì Luton

Bàbá, Ọlọ́run á fún màmá lókun. Nínú iṣẹ́ wa, èrò pín sí méjì lórí ìyẹn, èmi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Mo ti rí ìrora tí òògùn ò ká. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ tó ń béèrè iye ilé bàbá rẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn.

Ìyá Ìbejì Ridley Road

Ará Dalston, báwo ni èèyàn ṣe ń wá Hansard yẹn? Mo fẹ́ rí ti 2014 fúnra mi. Mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà mi láti ọdún yìí wá, ṣùgbọ́n ẹnìkan ló sọ fún mi, n kò fojú rí i.

Ará Dalston

Ó rọrùn, àǹtí mi. Ẹ tẹ Hansard sórí fóònù, ẹ mú ti ilé àwọn aṣojú, ẹ wá ọjọ́ 30 January 2014. Ẹ máa rí orúkọ àbádòfin náà. Ẹ sún un títí dé ìsàlẹ̀ níbi tí ìjíròrò ti parí. Àwọn tó gbà á ló kọ́kọ́ máa wà, wọ́n pọ̀. Ẹ kọjá wọn. Àwọn tó kọ̀ ló kàn, wọn ò tó ojú fóònù kan. A, B, D ni wọ́n fi tò ó.

Ìyá Ìbejì Ridley Road

Mo ti rí i. Mo jókòó sẹ́yìn àtẹ, mo gbé ẹ̀wà tì, mo ń sún un. Àwọn tó gbà á ò lópin, ọwọ́ ń ro mí. Mo wá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ̀ ọ́. Torí A ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá rẹ̀, òun ló ṣíwájú gbogbo wọn. Abbott. Mo ti ya fọ́tò rẹ̀, mo ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ìbejì. Kẹ́hìndé ní, "Màmi, kí ni èyí?" Mo ní kó pè mí tó bá kúrò níléèwé.